Victoria, Ọmọ Ìsàmì Ọbabìnrin

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, bí a bá ní kí gbogbo Victoria inú ìjọ wa dìde dúró, ìjókòó púpọ̀ ni yóò ṣófo. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni orúkọ náà ti wá. Ìṣẹ́gun ni ìtumọ̀ rẹ̀, òrìṣà wọn kan ló sì ń jẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́ orúkọ yìí ní Èkó ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1863 ni wọ́n bí Victoria Davies. Sarah Forbes Bonetta ni ìyá rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbádò tí àwọn ọmọ-ogun Dàhọ̀mì kó lẹ́rú, tí ọ̀gá ọkọ̀ ogun kan, Forbes, gbà lọ́wọ́ Ọba Gézò ní 1850 tó sì mú un lọ sí ìlú Òyìnbó. Ọbabìnrin Victoria fẹ́ràn ọmọ yìí púpọ̀. Nígbà tí òun náà wá bímọ obìnrin, Ọbabìnrin fún ọmọ náà ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì di ìyá ìsàmì rẹ̀.

Oníṣòwò ńlá ni bàbá rẹ̀, J. P. L. Davies, ṣùgbọ́n gbèsè wó òwò rẹ̀. Ó yíjú sí iṣẹ́ àgbẹ̀, ó gbin kòkó sí Ijon, ní apá Agége wa níhìn-ín. Ẹ má gbàgbé pé kí ilé-iṣẹ́ tó kún ibí, kòkó àti obì ni wọ́n fi mọ̀ wá.

Ní August 1880, ikọ́ ife pa Sarah ní erékùṣù Madeira. Victoria kò tíì pé ogún ọdún. Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ kí Ọbabìnrin gan-an ni ìròyìn náà bá a, omijé ló sì fi wọ ààfin. Ta ni kò ní ṣàánú rẹ̀? Bàbá rẹ̀ gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ ní Ijon. Ọbabìnrin kò fi ọmọ náà sílẹ̀: ó ń fún un lówó lọ́dọọdún, ọmọ náà sì kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Cheltenham.

Ní 1890, ó fẹ́ Dókítà John Randle, ẹni tí gbogbo Èkó mọ̀. Wọ́n bí Beatrice àti Jack. Ṣùgbọ́n ilé náà kò tòrò, Victoria sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú Òyìnbó. Ibẹ̀ ni olórin Samuel Coleridge-Taylor, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ará Sierra Leone, ti gba orin Yorùbá kan lẹ́nu rẹ̀. Ó tò ó fún dùùrù, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1905 pẹ̀lú orin mẹ́tàlélógún mìíràn. Àwọn atẹdùùrù ṣì ń lù ú títí dòní.