Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, Ọlọ́nà Àwọn Ọba

Ìgbà mélòó ni a ti gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá lọ sí Àkúrẹ́ láìmọ̀ pé ní ààfin Ògògà ni ọkùnrin kan ti gbẹ́ igi láàrin 1910 sí 1914, tí àwọn aráyé ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wò ní Lọ́ńdọ̀nù àti Chicago lónìí? Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Òun ni a yàn láti fi ṣe ìtàn ẹni àtijọ́ nínú ìwé àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa yìí.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú tí iṣẹ́ ọnà kò ṣàjèjì sí, ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873. Ìsẹ̀ ló dàgbà sí, lọ́dọ̀ Arìnjálẹ̀, ọba ìlú náà, tó fi í ṣe ìránṣẹ́ ààfin. Òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ kàn débi pé àwọn ọba mìíràn ní Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ ń ránṣẹ́ pè é.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíràn. Bí ọlọ́nà mìíràn bá gbẹ́ ère sára ìlẹ̀kùn, ère náà á sùn mọ́ pákó. Ti Ọlọ́wẹ̀ a máa yọ síta, orí á yọ, èjìká á yọ, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ wá kí ènìyàn. Lórí ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, ó gbẹ́ bí Ògògà ṣe gba Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkìtì, lálejò. Àwọn ènìyàn ru òyìnbó náà wá. Ọba jókòó ní tirẹ̀, adé ń bẹ lórí. Kò ṣòro láti mọ ẹni tó ni ilé.

Nínú àwọn òpó ààfin náà, èyí tó wù wá jù ni èyí tó wà ní Chicago báyìí. Ọba jókòó, olorì dúró gbọnrangandan lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ, òun ló sì gbé òrùlé. Àwọn ìyàwó wa tó bá ka ibí yìí á ní àwọn ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Àwo ọlọ́mọrí kan tún wà ní Washington. Lábẹ́ rẹ̀, láàrin àwọn ère tó yí i ká, orí ènìyàn kan ń yí gbirigbiri níbẹ̀, kò sì ṣeé mú jáde. Inú igi náà gan-an ló ti gbẹ́ ẹ.

Ní 1924, wọ́n yá ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn ará British Museum rí i, wọn kò fẹ́ kó padà sílé mọ́. Kábíyèsí Ògògà kọ̀, wọn ò tà á. Àga ọba tí a ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n gbà láti fi ṣe pàṣípààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ṣe dúró sọ́hùn-ún, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀.

Nígbà tí a sọ èyí ní ìpàdé, ariwo sọ. Àwọn kan ní wọ́n rẹ́ ọba jẹ. Iṣẹ́ owó ni iṣẹ́ wa, ojú tí a fi wò ó yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ṣì wà láyé, ó wà nítòsí, yóò sì gbẹ́ òmíràn. Àga òyìnbó ni kò sí ẹni tó lè ṣe é ní Ìkẹ́rẹ́. Ohun tó dùn wá ni pé àwọn tó ń wo ìlẹ̀kùn náà ní Wembley kò mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún géérégé, ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan, John Pemberton, dé Ìsẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ tó ṣì wà láyé sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un. Nínú oríkì yẹn ni a ti gbọ́ irú ènìyàn tí ọkùnrin náà jẹ́ àti àwọn ìlú tó ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington ṣe àfihàn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ní 1998, ohun tí ìyá náà kì wà lára ohun tí wọ́n fi kọ ìtàn rẹ̀.

Nígbà tí a ń kó àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ jọ fún ìwé yìí, a ní kí kálukú kọ oríkì ilé rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, àwa alukoro náà wà lára wọn. A ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ti ilé wa sórí fóònù lẹ́nu ìyá wa. Ẹni tó bá ti rí tirẹ̀ gbà, kó mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.