Torahiko Terada

Torahiko Terada (28 Oṣù Kọkànlá 1878 – 31 Oṣù Kejìlá 1935) jẹ́ onímọ̀ físíksì, òǹkọ̀wé àti ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ọmọ orílẹ̀-èdè Jàpáànù. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìlànà físíksì wá ìdí ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń rí lójú òfuurufú nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Ìlú Tokyo ni wọ́n bí Terada sí, ṣùgbọ́n Kochi, ìlú bàbá rẹ̀ ní erékùṣù Shikoku, ni ó ti dàgbà. Nígbà tí ó ń kàwé ní Kumamoto, Natsume Soseki, tí ó padà di gbajúgbajà òǹkọ̀wé, ni ó kọ́ ọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ni ó sì fi ọ̀nà ewì kúkúrú tí à ń pè ní haiku mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ wọn kò bàjẹ́ títí Soseki fi kú ní ọdún 1916. Terada wọ yunifásítì ní Tokyo ní ọdún 1899, ó sì parí ní ọdún 1903. Ohùn fèrè oparun ilẹ̀ Jàpáànù ni ìwádìí tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé dá lé lórí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ síwájú sí i ní Jámánì láàárín ọdún 1909 sí 1911. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí X-ray àti kírísítálì ní ọdún 1913 súnmọ́ èyí tí William Henry Bragg àti ọmọ rẹ̀ ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lákòókò kan náà.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923

Ní 1 Oṣù Kẹsàn-án 1923, Terada wà níbi ìpàtẹ àwòrán kan ní Ueno nígbà tí ilẹ̀ mì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tí ó kú ní Tokyo, Yokohama àti agbègbè wọn. Iná ni ó sì pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní gbàgede kan ní Honjo tí àwọn ènìyàn sá wọ̀, ìjì oníná pa nǹkan bí 38,000 níbi kan ṣoṣo. Terada ṣe ìwádìí bí ìjì náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yunifásítì dá ibùdó ìwádìí ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1925, kò pẹ́ tí Terada fi di ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ojú òfuurufú

Ní ìdájí ọjọ́ 26 Oṣù Kọkànlá 1930, ìmìtìtì mìíràn ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Izu, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Tokyo, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 250. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ pé àwọn rí ìmọ́lẹ̀. Kinkiti Musya kó nǹkan bí 1,500 ẹ̀rí jọ lẹ́nu wọn. Àwọn kan sọ pé ó dà bí mànàmáná, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù ú lọ. Àwọn mìíràn rí i bí òpó tàbí bí bọ́ọ̀lù iná. Aláwọ̀ búlúù ni ọ̀pọ̀ pè é.

Ó rọrùn láti fọwọ́ rọ́ irú ẹ̀rí báyìí sẹ́yìn. Ẹ̀rù ba àwọn tí ń sọ̀rọ̀, òkùnkùn ṣú, wáyà iná tí ó já náà sì lè tan ìmọ́lẹ̀. Terada kò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Nínú ìwé ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1931, ó béèrè ohun tí ó lè gbé agbára iná láti inú ilẹ̀ dé inú afẹ́fẹ́.

Omi ni ìdáhùn rẹ̀. Omi wà nínú àwọn ihò tín-ín-rín tí ó wà láàárín iyanrìn àti àpáta. Bí ìmìtìtì bá fún ilẹ̀ pọ̀, omi yóò fi agbára gba inú ihò wọ̀nyí kọjá. Bí ó ti ń ṣàn, yóò gbé irú agbára iná kan lọ, òdìkejì rẹ̀ yóò sì kù sára òkúta. Bí ìyàtọ̀ láàárín abẹ́ ilẹ̀ àti òkè ilẹ̀ bá pọ̀ tó, iná náà yóò tú jáde lókè níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, ojú òfuurufú yóò sì mọ́lẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun sí Terada: ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òun àti Kotaro Honda ti ṣe ìwádìí orísun omi gbígbóná tí ń tú sókè ní Atami, ní ilẹ̀ Izu yìí kan náà. Àbá ni èrò rẹ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tí ó ti wọn agbára iná bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ikú àti ìrántí

Terada kú ní Tokyo ní ẹni ọdún 57. Ukichiro Nakaya, tí ó di olókìkí nípa ìwádìí yìnyín dídì, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù sábà máa ń sọ pé òun ni ó ni ọ̀rọ̀ pé ìgbà tí ènìyàn bá ti gbàgbé àjálù ni àjálù ń padà dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀.

Láàárín ọdún 1965 sí 1967, nígbà tí ilẹ̀ Matsushiro ń mì léraléra, wọ́n ya fọ́tò irú ìmọ́lẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ó wà lóòótọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn wá fi òkúta quartz, tí ń mú agbára iná jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́, dípò omi. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Taiwan ti ọdún 1999, àwọn olùwádìí ní Jàpáànù kéde pé àwọn rí ìyípadà nínú ìgbì Schumann, èyí tí mànàmáná ń dá sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ àti òkè òfuurufú. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bóyá ìmìtìtì ilẹ̀ ni ó fà á.