Thunder Balogun: agbábọ́ọ̀lù tó di olùkọ́

Lọ́jọ́ Sátidé ní Brandywine níbí, bí oòrùn bá ràn, àwọn òbí a kó ọmọ sínú ọkọ̀, ó di orí pápá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ló mọ orúkọ Okocha, Kanu àti Osimhen láti kékeré. Bí eré bọ́ọ̀lù bá sì wáyé l'Ékòó, a tún máa ń gbọ́ orúkọ pápá ìṣeré kan ní Sùúrùlérè: Teslim Balogun. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn. Èmi rò pé gómìnà kan tó ti kú ni. Nígbà tí mo bi bàbá mi, ẹ̀rín ni wọ́n rín, wọ́n ní kí n lọ ka ìtàn Thunder. Mo kà á, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Oṣù kẹta ọdún 1927 ni wọ́n bí Teslim Balogun l'Ékòó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí àlééfà nígbà náà, kò sì sí ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun ní Nàìjíríà. Àwọn iléeṣẹ́ ló ní ikọ̀. Rélùweè ní tirẹ̀, Marine ní tirẹ̀, UAC ní tirẹ̀, báńkì pàápàá ní tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa máa ń tètè ríṣẹ́. Yóò ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, yóò gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Balogun gbá bọ́ọ̀lù fún, Rélùweè àti Pan Bank wà lára wọn.

Ife tí gbogbo wọn ń lé ni Ife Gómìnà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945. Balogun gba ife náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òun náà ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta sáwọ̀n nínú àṣekágbá rẹ̀. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, bó bá sì ta bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ohun tí aṣọ́lé fẹ́ fi ọwọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Thunder, ìyẹn àrá. Àwọn àgbà Èkó ní ìtàn oríṣiríṣi nípa bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe ń fa àwọ̀n ya. Ẹ mọ bí ìtàn bọ́ọ̀lù ṣe máa ń rí, ọdọọdún ló ń tóbi sí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í dédé gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ará Èkó.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1949, wọ́n yan agbábọ́ọ̀lù 18 láti gbogbo Nàìjíríà, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di ìlú Liverpool. Balogun wà lára wọn. Etim Henshaw ni olórí ikọ̀. Jack Finch, òyìnbó tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá pẹ̀lú àwọn ikọ̀ tí kì í gba owó iṣẹ́, ẹsẹ̀ lásán sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá a. Wọ́n na Marine ní Crosby ní 5 sí 2 nínú eré àkọ́kọ́, ẹnu sì ya àwọn òǹwòran. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pàdánù ju bí wọ́n ṣe borí lọ. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown lóṣù kẹwàá, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2 sí òdo. Eré yẹn ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Balogun ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé bọ́ọ̀lù lè jẹ́ iṣẹ́. Lọ́dún 1955, ó padà sí Ìlú Ọba, ó dara pọ̀ mọ́ Peterborough United, tí kò tíì wọ inú líìgì ńlá nígbà náà. Lọ́dún 1956, Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á. Báyìí ló ṣe di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Eré líìgì 13 ló gbá fún wọn, ó sì gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta sáwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Eré 13, bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Bó bá jẹ́ lóde òní ni, wọ́n á ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní ọkùnrin tó jẹ́ àrá nílé di atẹ́gùn lásán l'Óyìnbó. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn, ó wà nínú òtútù, ó sì ń gbá irú bọ́ọ̀lù tí wọn kò fi tọ́ ọ dàgbà. Bó bá jẹ́ pé iye bọ́ọ̀lù tó wọ àwọ̀n nìkan la ó fi díwọ̀n ìrìn àjò rẹ̀, a lè sọ pé kò kẹ́sẹ járí.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú bọ̀ kọjá ìyẹn. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ní òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé láti ìgbà Jack Finch, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́ ikọ̀ Nàìjíríà. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ bọ́ọ̀lù ta, ọ̀tọ̀ ni kó mọ bí yóò ṣe fi í yé ọmọ ẹlòmíràn. Balogun kọ́ èkejì nígbà tí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dín kù, ó sì gbé e padà wálé.

Lọ́dún 1968, ó wà lára àwọn tó kọ́ ikọ̀ Nàìjíríà fún ìdíje Òlíḿpíìkì ní Mẹ́síkò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ikọ̀ bọ́ọ̀lù wa dé Òlíḿpíìkì, ogun abẹ́lé sì ń lọ lọ́wọ́ nílé. Japan nà wọ́n ní 3 sí 1, Spéìn nà wọ́n ní 3 sí òdo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kojú Brazil, wọ́n sì gbá ọ̀mì 3 sí 3. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn lè ti gbá bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ lásán ló gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta sáwọ̀n Brazil.

Balogun kú lóṣù keje ọdún 1972. Ọmọ ọdún 45 péré ni. Pápá ìṣeré tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ ní Sùúrùlérè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984, àwọn ìjọba kan pa á tì, ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Lọ́dún 2009, àwọn eré kan nínú ìdíje Ife Àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 wáyé níbẹ̀.

Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo ti máa ń rò pé wọ́n ń fi òwe yẹn bá wa wí ni. Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn Thunder, ó yé mi lọ́nà mìíràn. Ohun tí ènìyàn kó bọ̀ láti àjò lè ju ohun tó bá lọ síbẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wà lórí pápá lọ́jọ́ Sátidé, bí ẹ bá tún gbọ́ orúkọ pápá yẹn, kì í ṣe gómìnà ló ni ín o. Olùkọ́ ló ni ín.