QAYS ỌMỌ SA'D: AṢÁÁJÚ TÍ KÒ NÍ IRÙNGBỌ̀N

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó dá ènìyàn ní ìrísí tí ó dára jùlọ, tí Ó fi irùngbọ̀n ṣe ọ̀ṣọ́ ojú ọkùnrin. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san. 

IPÒ IRÙNGBỌ̀N NÍNÚ Ẹ̀SÌN

Ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láàárín àwọn tí Ọlọ́hun fún ní tírà. Nínú Súrà Tọ̀hà, ẹsẹ̀ 94, Ọlọ́hun sọ fún wa bí Ànábì Hárúnà ṣe bẹ Ànábì Músá pé kí ó má ṣe di irùngbọ̀n òun mú, ní ọjọ́ tí inú bí Músá nítorí ère ọmọ màlúù tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sìn. Àwọn onímọ̀ fi èyí mọ̀ pé irùngbọ̀n wà ní ojú àwọn Ànábì, ó sì kún tó ohun tí ọwọ́ lè dì mú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn Yahúdí. Òfin kan wà nínú ìwé Léfítíkù, orí 19, tí ó kọ̀ fún wọn láti ba etí irùngbọ̀n wọn jẹ́. Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 10, sì ròyìn bí ọba àwọn ará Ámónì ṣe mú àwọn ìránṣẹ́ ọba Dáúdà, tí ó fá ìlàjì irùngbọ̀n wọn. Ìtìjú náà pọ̀ débi pé Dáúdà ní kí wọ́n dúró sí ìlú Jẹ́ríkò títí irùngbọ̀n wọn yóò fi hù kí wọ́n tó wálé.

Ní ti àwa Mùsùlùmí, hádíìsì Abdullahi ọmọ Umar wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim pé Ànábì (S.A.W.) pa á láṣẹ pé kí á gé tubọmu wa mọ́lẹ̀, kí á sì dá irùngbọ̀n wa sí. Hádíìsì Aisha tí Muslim gbà wá sì ka dídá irùngbọ̀n sí mọ́ ohun mẹ́wàá tí ó jẹ́ ti àdámọ́ rere. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀, tí àwọn tí ń tẹ̀lé Ìmáàmù Málíkì wà nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń tẹ̀lé e nílẹ̀ Yorùbá, sọ pé fífá irùngbọ̀n kò tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tẹ̀lé Ìmáàmù Sháfíì sì kà á sí ohun tí a kórira.

Èyí kò rú wa lójú. Ohun tí ń kọ mí lóminú ni ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi irùngbọ̀n ṣe láàárín ara wọn. Ẹni tí tirẹ̀ kún yóò máa wo ẹni tí tirẹ̀ kò hù bí ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò pé. Ẹni tí kò hù fún yóò máa fi òróró pa àgbọ̀n rẹ̀ lóru, yóò sì máa tijú láti ṣíwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kírun. Bẹ́ẹ̀ ni a ń rí ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ balẹ̀ dé àyà, tí owó aládùúgbò sì wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò san. Nítorí èyí ni mo ṣe yan ìtàn ọ̀kan nínú àwọn Sàhábà ńlá fún ìwé ọdún wa yìí, ẹni tí Ọlọ́hun fún ní ohun gbogbo tí à ń pè ní iyì, tí kò sì fún ní ẹyọ irun kan lójú.

ÌDÍLÉ RẸ̀

Orúkọ rẹ̀ ni Qays, ọmọ Sa'd, ọmọ Ubadah, láti inú ẹ̀yà Khazraj ní Mọdínà. Kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i àti sí bàbá rẹ̀. Sa'd ni olórí àwọn Khazraj. Ó wà nínú àwọn aṣojú méjìlá tí a yàn ní ọjọ́ àdéhùn Akaba kejì, kí Ànábì (S.A.W.) tó ṣí wá sí Mọdínà ní ọdún 622. Ilé náà jẹ́ ilé oúnjẹ láti ayé bàbá ńlá wọn. Àlejò kì í dé ibẹ̀ kí ó sùn pẹ̀lú ebi. Àwọn àgbà wa sì sọ pé ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ.

Sa'd fúnra rẹ̀ ni ó fa Qays lé Ànábì (S.A.W.) lọ́wọ́ pé kí ó máa ṣe ìránṣẹ́ fún un. Ọmọ olórí ìlú ni ó di ẹni tí ń gbọ́ jíjẹ́ fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Anas ọmọ Malik sọ, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ti gbà á wá, pé ipò Qays lọ́dọ̀ Ànábì dà bí ipò olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ọba. Ó ga púpọ̀, ó sì sígbọnlẹ̀, débi pé bí ó bá gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa kan ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kan Ànábì (S.A.W.) wá kí Sa'd ní ilé rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ padà, Sa'd gbé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún un, ó sì ní kí Qays sìn ín. Ànábì ní kí Qays gùn ún pẹ̀lú òun, ó kọ̀ nítorí ìbọ̀wọ̀. Ànábì wá fún un ní ọ̀nà méjì: bí kò bá ní gùn ún, kí ó padà sílé. Qays yan kí ó padà. Kò lè jókòó ti Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lórí ẹran kan náà, kò sì lè ṣe àìgbọràn sí i. Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé.

Ní ọdún 8 Hijira, èyí tí í ṣe 630, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń wọ Mẹ́kà, àsíá àwọn Àńsárù wà lọ́wọ́ Sa'd. Inú ogun gbé e, ó sì sọ pé ọjọ́ ìpakúpa ni ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Ànábì (S.A.W.), kò sì dùn mọ́ ọn, nítorí ọjọ́ àánú àti ọjọ́ àpọ́nlé Kaaba ni ó fẹ́ kí ó jẹ́. Ó gba àsíá lọ́wọ́ Sa'd. Àwọn òpìtàn púpọ̀ kọ ọ́ pé Qays ọmọ rẹ̀ ni ó gbé e fún, kí àsíá lè kúrò lọ́wọ́ ìbínú láì kúrò nínú ilé náà.

ỌWỌ́ TÍ KÌ Í DÌ

Ní ọdún kan náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ òpìtàn ti kọ ọ́, Ànábì (S.A.W.) rán ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ogun lọ sí etí òkun lábẹ́ Abu Ubaydah. Oúnjẹ tán lọ́wọ́ wọn, ebi pa wọ́n títí wọ́n fi ń jẹ ewé igi, wọ́n sì fi orúkọ ewé náà pe ìrìn àjò yẹn. Qays kò lè fara dà á. Ó ra ràkúnmí láwìn lórí orúkọ bàbá rẹ̀, ó pa mẹ́ta fún wọn. Ebi tún dé, ó tún pa mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó tún pa mẹ́ta, kí Abu Ubaydah tó dá a dúró. Lẹ́yìn èyí ni Ọlọ́hun mú kí òkun gbé ẹja ńlá kan jáde, tí wọ́n jẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí Qays padà délé, ó ń ròyìn ebi náà fún bàbá rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti sọ pé ebi tún pa àwọn ènìyàn, bàbá rẹ̀ a ní kí ó ti pa ràkúnmí. Nígbà tí ó wá sọ pé wọ́n ti kọ̀ fún òun, ohun tí ó dun Sa'd nìyẹn.

Èyí tí ó jọ mí lójú jù ni ti àìsàn rẹ̀. Qays dùbúlẹ̀ àìsàn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ tí ó rò pé yóò wá kí òun kò yọjú. Ó bèèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ ẹ́ lówó, ojú ń tì wọ́n láti wọlé tọ̀ ọ́. Qays bínú sí owó tí ó dí ọ̀nà láàárín arákùnrin àti arákùnrin. Ó ní kí wọ́n kéde láàárín ìlú pé ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ òun lówó, òun ti yọ̀ǹda rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èrò tí ń wá kí i ti pọ̀ débi pé àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wó. Ta ni nínú wa tí yóò gba ìlera àti ìfẹ́ ará ju àkọsílẹ̀ gbèsè lọ?

Àánú rẹ̀ kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí nìkan. Ní Kadisiya, ní ilẹ̀ Iraki, òun àti Sahl ọmọ Hunayf jókòó nígbà tí wọ́n gbé òkú kan kọjá. Àwọn méjèèjì dìde. Àwọn ènìyàn sọ fún wọn pé òkú ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni. Wọ́n dáhùn pé Ànábì (S.A.W.) náà dìde fún òkú Yahúdí, tí ó sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹnu yà bóyá ìyẹn kì í ṣe ẹ̀mí ni. Bukhari àti Muslim ni ó gbà á wá.

ỌGBỌ́N RẸ̀ NÍ IJIBITI

Àwọn òpìtàn ka Qays mọ́ àwọn tí ọgbọ́n àti ètè wọn mú jù láàárín àwọn Lárúbáwá ní ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé bí kì í bá ṣe pé òun mọ̀ pé iná ni èrè ẹ̀tàn àti àrékérekè, kò sí ẹni tí ìbá lè bá òun díje nínú rẹ̀.

Nígbà tí Ali (R.A.) di Kálífà, ó fi Qays jẹ gómìnà Ijibiti ní ọdún 36 Hijira. Àwọn kan wà ní ìlú Kharbita tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ nítorí pípa tí a pa Uthman (R.A.), wọn kò sì fẹ́ fọwọ́ sí ìjọba tuntun. Qays kò gbógun tì wọ́n. Ó bá wọn ṣe àdéhùn àlàáfíà, ó sì ń fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn, ilẹ̀ náà sì rọ̀. Muawiyah kọ̀wé sí i láti fà á mọ́ra, kò rí i fà. Ìròyìn wá tàn kálẹ̀ pé Qays ti wà lẹ́yìn Muawiyah. Àwọn tí ó yí Ali ká gbà á gbọ́, wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ọn títí tí a fi pàṣẹ fún Qays pé kí ó kọ lu àwọn ará Kharbita. Ó kọ̀wé padà pé èyí kò ní bí ire. Wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n sì fi Muhammad ọmọ Abu Bakr rọ́pò rẹ̀.

Qays ìbá bínú lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó ti ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀, ó sì kọ́ ọ ní bí yóò ṣe ṣe é. Wọn kò lo ìmọ̀ràn náà. Ní ọdún 38 Hijira, Ijibiti bọ́ sọ́wọ́ Amr ọmọ al-As, wọ́n sì pa Muhammad. Qays ti padà sọ́dọ̀ Ali ní tirẹ̀, ó dúró tì í títí dé òpin. Lẹ́yìn ikú Ali, òun ni ó ṣíwájú ẹgbàáfà ọmọ ogun fún Hasan. Nígbà tí Hasan ṣe ìlàjà ní ọdún 41, Qays padà sí Mọdínà, ó sì gbájú mọ́ ìjọ́sìn. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ìparí ìjọba Muawiyah, nǹkan bí ọdún 60 Hijira. Ní ti ìjà tí ó wà láàárín àwọn Sàhábà, ẹnu wa kò gba á. Ọlọ́hun ni yóò ṣe ìdájọ́ wọn, àwa a máa tọrọ ìyọ́nú Rẹ̀ fún gbogbo wọn.

IRÙNGBỌ̀N TÍ OWÓ KÒ LÈ RÀ

Ọkùnrin yìí tí mo ti ń ròyìn rẹ̀ bọ̀, ẹyọ irun kan kò hù ní ojú rẹ̀. Ó rẹwà, ó ga, ó lówó, ó gbójú, ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ dán. Àwọn Àńsárù fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n máa ń sọ pé ó wu àwọn kí àwọn fi owó àwọn ra irùngbọ̀n fún Qays.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí irùngbọ̀n kò bá níye lórí, wọn kì bá tí máa fẹ́ fi owó wọn rà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìtàn Qays ṣe àwáwí láti máa fá tirẹ̀ ti ṣì í gbọ́. Abẹ kò kan ojú Qays. Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni kò fún un. Ẹni tí a kò fún àti ẹni tí a fún tí ó sọ nù, ọ̀rọ̀ wọn kò rí bákan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì rẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n Qays ń dùn kò tìtorí rẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tí kò ní irun yìí ni ó dúró níwájú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bí olórí ẹ̀ṣọ́, òun ni ó gbé àsíá wọ Mẹ́kà, òun ni ó jókòó sórí àga Ijibiti. Kò sì dá nìkan wà. Shurayh, adájọ́ Kufa tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, kò ní irùngbọ̀n. Al-Ahnaf ọmọ Qays, olórí àwọn Tamim tí àwọn Lárúbáwá fi ń ṣe àpèjúwe sùúrù, kò ní irùngbọ̀n.

Ìwọ ọmọ tí tìrẹ kò tíì hù, má ṣe tijú láti ṣíwájú kírun bí o bá mọ Àlùkùránì ju ẹlẹgbẹ́ rẹ lọ. Ìwọ tí Ọlọ́hun fún, dá a sí, tọ́jú rẹ̀, má sì fi fẹlá. Súnnà ni ó wà ní àgbọ̀n rẹ yẹn. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ, ahọ́n rẹ àti àpò rẹ bá a mu. San gbèsè tí o jẹ. Bí ẹlòmíràn bá sì jẹ ọ́ tí kò rí i san, rántí Qays lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀. Irun tí ó wà lójú òbúkọ kò sọ ọ́ di àfáà. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Kí Ọlọ́hun Ọba yọ́nú sí Qays àti bàbá rẹ̀, kí Ó fi wá sí ìbò wọn, kí Ó ṣe ìta wa àti inú wa ní ohun tí Yóò tẹ́wọ́ gbà. Kí Ó forí jin àwọn olùkọ́ wa tí ó ti lọ, kí Ó sì fún àwọn ọmọ ilé-kéwú yìí ní ìmọ̀ tí ń ṣe ni ní àǹfààní. Àmín.