Fuller Albright, oníṣègùn tó wá ìdí ẹ̀yìn títẹ̀ àwọn ìyá àgbà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ni kò mọ ìyá àgbà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀? Ó ga nígbà èwe rẹ̀. Nísinsìnyí, ó ń kúrú sí i, ẹ̀yìn àti ìbàdí sì ń dùn ún. Àwọn ará ilé a ní ogbó ló dé. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn pàápàá ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ìdáhùn yìí kò tẹ́ lọ́rùn ni Fuller Albright, ará Amẹ́ríkà.

A bí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, ní ìlú Buffalo. Olówó ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣègùn ni ọmọ náà yàn. Ó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Harvard ní ọdún 1924. Lẹ́yìn náà, ó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní ìlú Vienna, lọ́dọ̀ Jakob Erdheim, ẹni tí í yẹ ara òkú wò láti mọ àìsàn tó pa wọ́n.

Nígbà tó padà dé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Massachusetts General Hospital, ní ìlú Boston. Ẹ̀ka kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní ibùsùn 10 péré. Wọ́n ń wọn oúnjẹ tí aláìsàn ń jẹ. Wọ́n sì ń kó ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ jọ, láti mọ iye kálísíọ́mù tó wọlé àti iye tó jáde. Kálísíọ́mù ni èròjà tó ń mú egungun le. Bí oníṣòwò ti ń ṣírò owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Albright ń ṣírò kálísíọ́mù. Bí èyí tó jáde bá ju èyí tó wọlé lọ, egungun ti wọ gbèsè.

Egungun kì í ṣe òkúta. Ohun alààyè ni. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ nínú rẹ̀, tó sì ń kọ́ òmíràn dípò. Bí wíwó bá ju kíkọ́ lọ, egungun a dà bí igi tí ìkán ti jẹ inú rẹ̀. Àwọn eegun kéékèèké inú ọ̀pá ẹ̀yìn a wá máa rún, ẹ̀yìn a sì tẹ̀.

Ní ọdún 1940, Albright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ wọn jáde. Nínú aláìsàn 42 tí wọn kò tí ì pé ọdún 65, 40 jẹ́ obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró. Ohun tó so wọ́n pọ̀ nìyí. Bí nǹkan oṣù bá dúró, èròjà tí à ń pè ní ẹ́sítírójẹ́nì a dín kù gidigidi nínú ara obìnrin. Albright fi èròjà náà ṣe oògùn fún wọn. Kálísíọ́mù tó ń sọnù dín kù. Ó rò pé oògùn náà ń kọ́ egungun. Lónìí, a mọ̀ pé wíwó ni ó ń dá dúró jù lọ. Síbẹ̀, ọ̀nà tó là ni àwọn mìíràn tọ̀.

Kò tí ì pé ẹni 40 ọdún nígbà tí àìsàn Parkinson mú un. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ń le. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1948, òun àti Edward Reifenstein tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa àìsàn egungun. Ní ọdún 1956, ó gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọpọlọ rẹ̀, bóyá gbígbọ̀n náà yóò dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ. Láti ọjọ́ náà, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún 13 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀, kí ó tó kú ní oṣù kejìlá ọdún 1969.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn dídùn ni ó ti inú àìsàn yìí wá, oògùn náà kò sì yẹ gbogbo obìnrin. Dókítà ni yóò sọ èyí tó yẹ. Ṣùgbọ́n bí ìyá yín bá ń kúrú, tí ẹ̀yìn sì ń dùn ún, ẹ má ṣe fi ọjọ́ orí pa á tì sílé. Ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn.