Thomas Edison: Ọmọ tó ń ta súìtì nínú rélùwéè, tó padà ṣe bátìrì fún rélùwéè

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Thomas Edison, gílóòbù iná ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí ọmọ Amẹ́ríkà yìí fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣe, tó náwó rẹpẹtẹ lé lórí, tó sì kọ́kọ́ dójú tì í níta gbangba. Iṣẹ́ náà ni bátìrì. Nígbà tó sì yọrí, rélùwéè wà lára àwọn oníbàárà tó gbé e dúró.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kan àwọn ará Sàngó-Ọ̀tà ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Ojú irin gba Ìjókò àti Àgbàdo kọjá, ọkọ̀ ojú irin òde òní kò sì lè ṣe kó má ní bátìrì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ òjé inú bátìrì tó ti kú wà lágbègbè Ọ̀tà. Òjé yẹn gan-an ni Edison ń sá fún.

Àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje

Ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 1847 ni wọ́n bí Edison nílùú Milan, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Ọmọ ọdún méje ni nígbà táwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Port Huron, ní Michigan. Kò pẹ́ nílé ẹ̀kọ́ rárá tí ìyá rẹ̀, Nancy, tó ti ṣe tíṣà rí, fi mú un kúrò níbẹ̀, tó sì ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀ nílé. Láti kékeré ni etí rẹ̀ kò ti gbọ́ràn dáadáa.

Òwò inú rélùwéè

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 12, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tajà nínú rélùwéè tó ń lọ láti Port Huron sí Detroit. Ìwé ìròyìn, súìtì àti ìpápánu ló ń tà fáwọn èrò, gẹ́gẹ́ báwọn ọmọ wa ṣe ń ta gálà àti omi tútù nínú gòsúlóò Sàngó. Owó tó bá rí, kẹ́míkà ló fi ń rà. Ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí nínú ọkọ̀ náà ló sọ di ibi iṣẹ́. Ó ń po kẹ́míkà níbẹ̀, ó sì tún ń tẹ ìwé ìròyìn tara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kẹ́míkà gbiná nínú ọkọ̀, ni wọ́n bá lé e jáde tòun tẹrù rẹ̀.

Lọ́dún 1862, ọmọ kékeré kan ń ṣeré lójú irin ní ibùdókọ̀ Mount Clemens. Ọkọ̀ ẹrù kan ń yí bọ̀ níbi tọ́mọ náà wà, Edison sáré wọ ojú irin, ó sì gbé e kúrò. Bàbá ọmọ yìí ni ọ̀gá ibùdókọ̀ náà. Oore tó fi san án ni pé ó kọ́ Edison níṣẹ́ wáyà.

Iṣẹ́ wáyà ló sọ bátìrì di ohun tó ń fọwọ́ bà lójoojúmọ́. Láyé ìgbà yẹn, kò sí iná tó ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba tàbí iléeṣẹ́ kankan wá. Bátìrì ló ń gbé ọ̀rọ̀ gba orí wáyà láti ìlú kan dé òmíràn. Lọ́dún 1867, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nílùú Louisville, ó ń dán bátìrì olójèé wò lóru ọjọ́ kan, ásíìdì rẹ̀ bá dà sílẹ̀. Ásíìdì yìí gba àárín pákó ilẹ̀ kọjá, ó kán sórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀ nísàlẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Òkìkí rẹ̀ kàn

Lọ́dún 1871, ó gbé Mary Stilwell níyàwó. Àwọn àmì tí wọ́n fi ń tẹ wáyà ló fi sọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lórúkọ àdàpè, Dot àti Dash. Mary kú lọ́dún 1884, ó sì fẹ́ Mina Miller lọ́dún 1886.

Lọ́dún 1876, ó dá ibi ìwádìí sílẹ̀ ní Menlo Park, ní New Jersey. Ní 1877, ó ṣe ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ní 1879, gílóòbù rẹ̀ tàn. Ní 1882, iléeṣẹ́ iná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná fún apá kan New York. Àní lọ́dún 1880, ó ti to irin kékeré sínú ọgbà rẹ̀, ó sì ń fi iná mànàmáná wa ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Bátìrì tí kò ní òjé

Nígbà tí ọdún 1900 ń sún mọ́lé, mọ́tò tó ń lo bátìrì ti wà nígboro Amẹ́ríkà. Bátìrì olójèé tí Gaston Planté, ọmọ Faransé, ṣe lọ́dún 1859 ni wọ́n ń lò. Bátìrì náà wúwo, ásíìdì rẹ̀ sì ń jẹ nǹkan. Edison gbà pé òun lè ṣe èyí tó fúyẹ́, tó sì máa pẹ́.

Lọ́dún 1899, ó bẹ̀rẹ̀. Ó dán oríṣiríṣi nǹkan wò, títí tó fi dórí níkẹ́lì àti irin. Dípò ásíìdì, omi kẹ́míkà pọ́táàṣì ló lò, irú èyí tó bá omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú tan, ṣùgbọ́n tó le jù ú lọ fíìfíì. Òun nìkan kọ́ ló ń rò ó o. Ní Sweden, Waldemar Jungner ti ń ṣe irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì di ẹjọ́. Jungner yìí náà ló ṣe bátìrì níkẹ́lì àti kádímíọ̀mù lọ́dún 1899, èyí tí ọ̀pọ̀ rélùwéè ṣì ń lò dòní.

Edison polówó bátìrì tirẹ̀ gan-an kó tó gbé e jáde. Àmọ́ nígbà tó dọ́wọ́ àwọn èèyàn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jò, agbára àwọn mìíràn sì ń dín kù kíákíá. Lọ́dún 1904, ó dá iṣẹ́ dúró, ó sì gba àwọn tó bàjẹ́ padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Iye owó tó ti ná lé e lórí kó tó tún jáde lọ́dún 1909 lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là.

Ọjà sá, rélùwéè dúró

Bátìrì tuntun náà dáa, ó sì ń lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé. Mọ́tò tó ń lo pẹtiróòlù ti gba ìgboro. Lọ́dún 1912, Cadillac gbé mọ́tò tó ń fi bátìrì sítáàtì jáde, bátìrì olójèé ló sì lè fún mọ́tò ní agbára òjijì tó ń fẹ́, ní owó tí kò wọ́n. Mọ́tò oníná kógbá sílé.

Ibi tí bátìrì Edison ti rí jẹ ni ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ohun tí kò ní tètè kú. Wọ́n lò ó fún iná inú rélùwéè, fún àmì ojú irin, àti fún ọkọ̀ inú ihò ìwakùsà. Láti 1910 ni ẹnìkan tó ń jẹ́ Ralph Beach ti ń fi bátìrì yìí wa ọkọ̀ orí irin ní New York láìsí wáyà lókè.

Àbùkù rẹ̀ náà wà. Ó máa ń tú gáàsì jáde tí wọ́n bá ń chárjì rẹ̀. Nínú oṣù Kìíní ọdún 1916, gáàsì yìí bú gbàmù nínú ọkọ̀ abẹ́ omi E-2 ti àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní New York. Àwọn èèyàn kú níbẹ̀.

Edison jáde láyé lọ́jọ́ 18, oṣù Kẹwàá, ọdún 1931, lẹ́ni ọdún 84. Ìwé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọpọlọ tó gbà ní Amẹ́ríkà jẹ́ 1,093. Wọ́n sì ń ṣe bátìrì rẹ̀ títí di 1975.

Ohun tó kan Ọ̀tà níbẹ̀

Lónìí, ọjà bátìrì rélùwéè tún ń gbòòrò. Lọ́dún 2014, Japan gbé rélùwéè tó ń fi bátìrì rìn sójú irin Karasuyama. Lọ́dún 2023, Jámánì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Schleswig-Holstein. Lítíọ́ọ̀mù ló pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń lò báyìí. Lọ́dọ̀ tiwa, dísù ló ṣì ń wa ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021, òun náà ló ń wa Red Line tó ń ti Àgbàdo lọ sí Oyíǹgbó. Síbẹ̀, bátìrì ni ẹ́ńjìnnì dísù fi ń sítáàtì. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni bátìrì tó máa kú yóò ṣe máa pọ̀ sí i.

Ibi tí bátìrì tó ti kú ń lọ ni wàhálà wà. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, bátìrì mọ́tò, ọ̀kadà àti ìnfátà ń dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, tí wọ́n sì ń yọ́ òjé rẹ̀. Àwọn olùwádìí ti rí òjé nínú ilẹ̀ àyíká irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tà àti Ògijo. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Àwọn ọmọdé ló sì ń bá jà jù, torí pé ó máa ń ba ọpọlọ wọn jẹ́.

Òjé fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ìdànù. Wọ́n lè yọ́ ọ, kí wọ́n sì tún un lò léraléra. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ́ ọ ló ń pani lára. Kò yẹ kí ásíìdì dà sínú gọ́tà, kò yẹ kí èéfín máa bà lórí ilé àti ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí òṣìṣẹ́ wọ aṣọ iṣẹ́ délé lọ gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Edison kò rí òjé lé kúrò lọ́jà. Àmọ́ nígbà tí bátìrì tó tà ń jò ní 1904, kò fi í sílẹ̀ sílé oníbàárà. Ó gbà á padà. Àwọn tó ń ta bátìrì, tó ń rà á àti tó ń yọ́ ọ lágbègbè Ọ̀tà pọ̀. Nínú wọn, ẹni tó máa gba ti bátìrì tó ti kú mọ́ra láìfi ìlera aládùúgbò ṣe ẹ̀rù-owó ni ìlú ṣì ń wá.