Bọ́dé Thomas kò dúró rí ìwé òfin tó jà fún

Àìmọye ènìyàn ló ń gba òpópónà Bọ́dé Thomas ní Sùúrùlérè kọjá lójoojúmọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló ni orúkọ náà, ìtàn kan náà ni ọ̀pọ̀ yóò sọ: ìjà òun àti Aláàfin Adéníran, àti ikú òjijì tó tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí, torí ó ti bo iṣẹ́ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ jù.

Agbẹjọ́rò ni. Ní 1948, òun, Rótìmí Williams àti Rẹ̀mí Fání-Káyọ̀dé jọ dá ilé iṣẹ́ amòfin sílẹ̀. Òfin Richards, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ló ń darí Nàìjíríà nígbà náà. Gómìnà ló gbé e kalẹ̀ láìgbọ́ tẹnu àwọn onílẹ̀, ó sì pín ilẹ̀ yìí sí ẹkùn mẹ́ta. Inú bí ọ̀pọ̀ olóṣèlú. Ní ti Bọ́dé Thomas, ibi ìpín yẹn gan-an ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀: kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀, kí gbogbo wọn sì wá pàdé ní àárín. Àwọn tó fẹ́ Nàìjíríà kan ṣoṣo kò fara mọ́ ọn, ẹ̀rù wọn kò sì jẹ́ àsọdùn. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ dá ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sílẹ̀ ní 1951, Bọ́dé Thomas ni igbákejì rẹ̀.

Òfin tuntun dé lọ́dún yẹn kan náà, lẹ́yìn ìpàdé ńlá Ìbàdàn ní oṣù Kìíní 1950, níbi tí Àríwá ti yarí pé àfi bí ìdajì ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ bá jẹ́ tàwọn. Wọ́n gba 68 nínú 136. Bọ́dé Thomas di mínísítà ìrìnnà, ṣùgbọ́n mínísítà ìgbà náà kò láṣẹ lórí ẹ̀ka iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní 31 oṣù Kẹta 1953, Enahoro gbé àbá òmìnira 1956 wá sílé ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ mínísítà ti pàṣẹ pé kí àwọn mínísítà má dá sí i. Bọ́dé Thomas, Akíntọ́lá, Arthur Prest àti Ọọ̀ni Adérẹ̀mí bá kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Bí òfin náà ṣe dà wó nìyẹn.

Ìpàdé Lọ́ńdọ̀nù tó tẹ̀lé e, láti oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, gbà pé kí àwọn ẹkùn ní agbára tiwọn, ohun tó ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kú ní 23 oṣù Kọkànlá ọdún náà, kò tíì kọjá ẹni ọdún 35. Òfin ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Kẹwàá 1954.